Iyọ̀ Tí Kò Rú Èéfín

Wọ́n ti kìlọ̀ fún Fẹhíntọlá pé kò gbọdọ̀ sunkún títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Kò gbọdọ̀ wẹ̀. Kò gbọdọ̀ fọ aṣọ. Omi mímu nìkan ni wọ́n gbà á láàyè, ìyẹn náà, kó fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ fà á látinú ọ̀rá, kí ẹ̀kán omi kan má baà bọ́ sí i láyà, torí pé àyà yẹn ni ìgò iyọ̀ wà. Ìgò ọ̀hún kò ju àtàǹpàkò lọ. Okùn ni ó fi gbé e kọ́rùn, ó sì ń rọra gbá a láyà bí àpótí okùn ti ń gbé òun àti àwọn èrò yòókù sọ̀kalẹ̀ láti Òkè-Gbígbẹ lọ sí Ìsàlẹ̀-Ìrì, nínú ìkùukùu tó funfun bí omi ẹ̀kọ.

Obìnrin kan tó jókòó níwájú rẹ̀ tẹjú mọ́ okùn ọrùn rẹ̀. Ẹ̀wù òjò obìnrin náà ń kán tó, tó, tó sílẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni Ọlọ́yẹ́ tọdún yìí?"

"Èmi ni, mà."

Kíá, obìnrin náà kó etí ẹ̀wù òjò rẹ̀ jọ sórí itan, ó sún sẹ́yìn. Àwọn èrò tó kù náà sún sẹ́yìn, àfi bí ẹni pé iná ń jó lára Fẹhíntọlá.

"Sọ fún un kó má rú o, ọmọ mi," obìnrin náà bẹ̀bẹ̀. "Ọmọ ọmọ mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọyẹ́ rárá. Mo ní ọyẹ́ a máa bẹ́ni létè, ó ní irọ́ ni mò ń pa."

"Iyọ̀ kì í gbẹ̀bẹ̀, mà."

"Ìwọ ṣáà bẹ̀ ẹ́."

Fẹhíntọlá fi ọwọ́ bo ìgò náà. Láti ìgbà tí òkun ti dìde kúrò láàyè rẹ̀, tó wá ń gbé inú afẹ́fẹ́, ọyẹ́ ti di ìtàn. Ẹlòmíràn ní òun rí i lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́; purọ́-n-níyì ni púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n òfin kò gbàgbé ọyẹ́. Lọ́dọọdún, ní oṣù tó yẹ kó dé, ẹnì kan nínú àwọn abòdígí òkè, àwọn tó ń fi iyọ̀ náà bo dígí, á jẹ Ọlọ́yẹ́, á bu iyọ̀ sínú ìgò, á gbé e kọ́rùn sùn kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á gun orí òrùlé, á ṣí i lójú gbogbo ayé. Bí iyọ̀ bá rú èéfín, omi ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ nìyẹn, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Bí kò bá rú, ọyẹ́ ti dé, ilẹ̀kùn Òkè-Gbígbẹ á ṣí fún tolówó tòtòṣì, fún alára líle àti aláìsàn.

Aláìsàn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń gbé Fẹhíntọlá lọ sísàlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni, ohùn nìkan ló ń gbọ́. Bí Ìsàlẹ̀-Ìrì ti rí nìyẹn: ìkíni á kọ́kọ́ kàn ọ́ létí, ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹni tó ń kí ọ tó jáde látinú ìkùukùu, fìtílà rẹ̀ níwájú orí. Ògiri ń làágùn. Ewédò ti bo orí òrùlé títí dé ẹnu ọ̀nà. Ní òkè réré, ẹ̀rọ amumi ń kùn, ó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ àwọn ará òkè, ohùn rẹ̀ sì ń dún wá sísàlẹ̀ bíi ti àgbàlagbà tó sùn wọra.

Ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, bọ̀dá mi."

"Èmi ta? Èmi pọ̀ nílẹ̀ yìí."

"Ẹ̀yin náà ẹ ò ní yé ṣeré. Èmi Fẹhíntọlá ni."

"Háà, Àyìnkẹ́! Má wọlé tán o. Ibi ilẹ̀kùn yẹn ni kí o dúró. Ṣebí wọ́n ní o ò gbọdọ̀ tutù."

Dúródọlá jókòó sórí àpótí láàárín àwọn ìgbín rẹ̀. Ìgbín ló ń sìn. Wọ́n wà lára ògiri, wọ́n wà lórí tábìlì, ọ̀kan ń fà lọ lórí ejìká rẹ̀ pẹ̀lú ìwo rẹ̀ méjèèjì níta, kò sì sẹ́ni tó ń lé e. Ọkùnrin náà ti rù. Ọrùn rẹ̀ ti di tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín nìkan ni kò tíì rù lára rẹ̀. Ó fẹ́ dìde kí àbúrò rẹ̀ káàbọ̀, ni ikọ́ bá gbé e. Ikọ́ ìrì ni, èyí tó máa ń dún bí ẹni pé omi ń hó nínú àyà èèyàn. Ó wú u títí, ó tún jókòó.

"Èmi àtìgbín la jọ ń gbé," ó ní, nígbà tó rí èémí mú. "Àwọn ò níkọ́, èmi ni mo níkọ́. Ìwọ̀sí ni."

Fẹhíntọlá kò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ti pè é sẹ́yìn ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń bu bí búrẹ́dì. Ó ní afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan ló kù: bó bá lè mí in fún ọjọ́ mélòó kan, ó ṣeé ṣe kó yè é, bí kò bá rí i, kò ní bá wọn jẹ iṣu tuntun. Fẹhíntọlá sáré gòkè, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Mosúnmọ́lá, olórí àwọn abòdígí, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ Òkè-Gbígbẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó gbé e dìde, ó sì ní, "Ọmọ mi, yàrá irúgbìn ò jìnnà sí yàrá wa. Bí èémí ẹni tó níkọ́ ìrì bá wọlé pẹ́nrẹ́n, àgbàdo á bu, ẹ̀wà á bu. Kí la óò gbìn? Àfi bí ọyẹ́ bá dé."

"Mo gbọ́ pé o lọ bẹ ìyá yẹn nítorí mi," Dúródọlá sọ.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìkùukùu." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Jẹ́ kí n rí i."

"Kí lẹ fẹ́ rí?"

"Iyọ̀ náà. Láti gbogbo ọdún yìí wá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo máa ń dúró sí, ẹ̀yìn àwọn tó ga jù mí lọ. Ariwo 'ó ti rú, ó ti rú' ni mò ń gbọ́. Mi ò rí i rú rí."

"Bọ̀dá mi, kò ṣeé ṣe. Orí òrùlé nìkan la ti ń ṣí i."

"Nígbà tí odò Ọ̀fìkì ya wọlé, ẹ̀yìn ta lo wà? Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ rí, Àyìnkẹ́."

"Ẹ béèrè búrẹ́dì gbígbẹ lọ́jọ́sí."

"Ìyẹn náà nǹkan?"

Ó wo ojú rẹ̀. Ojú yẹn ló ti ń wò láti kékeré, ẹni yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń ka ìwé. Bí iyọ̀ bá rú lọ́la, kí ló tún kù tí ó lè fún ẹni yìí? Ó rò ó pé ṣíṣí wẹ́rẹ́ kò lè ṣe iyọ̀ ní nǹkan. Ó fi aṣọ bo imú, ó sún sẹ́yìn dáadáa kí òórùn iyọ̀ má baà kan ọkùnrin náà, ó yí ìdérí ìgò náà.

Kò pẹ́ rárá. Okùn èéfín funfun kan yọ jáde lẹ́nu ìgò, ó gòkè, ó tẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún, ó dà bí ẹni tó ń wá ilé ẹnì kan tí kò mọ̀ dáadáa. Òórùn kíkan ta wọ́n nímú. Àwọn ìgbín tó wà nítòsí wọ inú ìkarahun lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúródọlá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọdé gan-an ni, ó ń pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín!" Fẹhíntọlá ti dé ìgò náà padà wàràwàrà, ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi gbá a lẹ́yìn láì fara kàn án.

"Ó dára," ọkùnrin náà ń sọ láàárín ikọ́. "Ó dára púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń tì wá síta."

Àṣálẹ́ bá Fẹhíntọlá lókè, nínú ilé ìbòdígí. Kò sẹ́ni tó bi í níbi tó ti lọ. Ó jókòó síwájú àpótí irin ńlá, ó ń wo dígí tó wà nínú rẹ̀ láti ojú fèrèsé kékeré. Nínú ìwé àtijọ́, háfíníọ̀mù kilóráìdì lorúkọ iyọ̀ wọn. Àwọn tó ń bá a ṣe lójoojúmọ́ ń pè é ní Máfomikànmí. Ìyẹ̀fun funfun tó ń dán wínníwínní ni. Bí ooru bá mú un, kì í yọ́. Ńṣe ló máa ń dìde di afẹ́fẹ́, á rìn gba inú àpótí, á bà lé dígí. Wọ́n á wá jẹ́ kí ooru omi tín-ín-tín tẹ̀ lé e, ìyẹn á sọ ọ́ di awọ. Ojú kò lè rí awọ náà. Wọ́n á bò ó lé ara wọn, ọ̀kan lórí èkejì, títí dígí á fi lè gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì láìdá ìkankan padà. Irú dígí bẹ́ẹ̀ ló bo orí òrùlé wọn, òun ló ń fi oòrùn kékeré tó bá ráyè yọ bọ́ ẹ̀rọ amumi. Omi ló ń sọ Máfomikànmí di awọ, omi náà ló ń pa á bí kò bá sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Fẹhíntọlá fẹ́ràn láti máa wo dígí bí awọ ṣe ń gorí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á di búlúù, á di èsè àlùkò, á tún padà di búlúù. Ibẹ̀ ni oorun gbé e lọ.

Ó lálàá pé ọyẹ́ wọlé, ó sì jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ bí àlejò, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èrò ti kún orí àtẹ̀gùn láti ẹnubodè títí wọ inú ìkùukùu. Wọ́n ti gbé òrí tí wọ́n fi pamọ́ láti ọdún wo wá, wọ́n fi ewé dì í. Fẹhíntọlá fi ojú wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò rí i. Ó gun òrùlé, àwọn abòdígí tó kù tẹ̀ lé e, gbogbo wọn fi aṣọ bo ẹnu kí èémí wọn má baà kan iyọ̀.

Ìyá Mosúnmọ́lá gbé ohùn sókè. "Ta ló ń jẹ́rìí ọyẹ́?"

"Iyọ̀ ni!" ni èrò dáhùn.

"Ṣé iyọ̀ ní ẹbí?"

"Kò ní!"

"Ṣé iyọ̀ ní ọ̀tá?"

"Kò ní!"

Ó yíjú sí Fẹhíntọlá. "Ṣí i, má fi ṣíbí rò ó. Wò ó, má fẹ́ ẹ. Ohun tó bá ṣe ni kí o sọ."

Fẹhíntọlá ṣí ìgò náà. Ó nawọ́ rẹ̀ síwájú, ó dúró.

Iyọ̀ kò rú.

Ó dúró sí i. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lọ, ó fẹ́ bọ̀. Nísàlẹ̀, ariwo ti wọlẹ̀ ṣinṣin, kódà àwọn ọmọ ọwọ́ dákẹ́. Inú ìgò náà pa lọ́lọ́, kò sí okùn funfun, kò sí òórùn. Ọkàn Fẹhíntọlá fò sókè, ó fẹ́ kígbe. Olúwa ò, ọyẹ́! Ọyẹ́ ti dé lóòótọ́! Ẹ̀gbọ́n mi kò ní kú!

Nígbà náà ló wo ojú iyọ̀ náà dáadáa.

Kò dán mọ́. Ojú rẹ̀ ti dì bí ojú ògì tó tutù, ó ti ṣe èépá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ó ṣú díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ilé Dúródọlá tó kó sínú ìgò lánàá, òun ló ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Ojú iyọ̀ ti kú, ó sì bo ti ìsàlẹ̀ tó ṣì yè mọ́lẹ̀. Ṣíbí irin kékeré tí ó fi bù ú ṣì wà ní ìgbànú rẹ̀. Bó bá fi kan èépá yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí iyọ̀ ìsàlẹ̀ rí afẹ́fẹ́, èéfín á bo ojú rẹ̀.

Ìrì ti wọn sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìrì wà lára irun funfun Ìyá Mosúnmọ́lá, ó ń tàn yẹ́rí. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ara rẹ̀ lásán á mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fọwọ́ kan ara rẹ̀? Ìgò nìkan ni gbogbo ojú ń wò, ohun tí ìgò bá sọ ni wọ́n á gbà.

"Kí ló ṣe?" ni Ìyá Mosúnmọ́lá béèrè.

Ṣíbí wà ní ìgbànú. Ẹ̀gbọ́n wà nísàlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ibẹ̀ nìkan ló gbẹ ní gbogbo ayé.

"Kò rú," Fẹhíntọlá wí.

Òótọ́ ni. Kò rú. Ẹ wá irọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ò ní rí i.

Igbe tó sọ láti orí àtẹ̀gùn kọjá ohun tí ẹnu lè ròyìn. Ìyá Mosúnmọ́lá yọ kọ́kọ́rọ́, àwọn méjì ló bá a yí i. Ilẹ̀kùn ńlá ṣí, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, wọn ò ti ara wọn, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń wọlé, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlá òun dà nù. Wọ́n ń bọ́ ẹ̀wù òjò sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ògiri gbígbẹ, wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ pa ẹ̀rọ amumi, gẹ́gẹ́ bí òfin, ohùn tó ti ń kùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà dùn débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa.

"Ètè mi ti ń bẹ́!" ni ẹnì kan pariwo.

"Ẹ wo gìgísẹ̀ mi, ó ń sán!"

"Ara mi ti funfun, ẹ bá mi mú òrí wá!"

Wọ́n ń fi òrí pa ara wọn lára, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Mosúnmọ́lá alára ṣí gèlè, ó ní òun ń gbọ́ òórùn igbó tó ń jó níbi tó jìnnà, bí òun ṣe máa ń gbọ́ ọ nígbà èwe. Fẹhíntọlá dúró láàárín wọn, ó ń wo ètè wọn. Ètè wọn rọ̀, ó tutù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n gbọ́ o! Bí gbogbo ìlú bá ń lá àlá kan náà, ta ni yóò sọ pé àlá ni?

Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti gbé àtẹ irúgbìn kọjá níwájú rẹ̀. Wọ́n ń gbé e lọ sí gbàgede láti sá a lóòrùn ọyẹ́: àgbàdo, ẹ̀wà, ọkà bàbà, gbogbo ohun tí ìlú ní láti gbìn. Ó tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí ẹ̀wà funfun tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní, ó rí ìkùukùu tó ń rọra fà bọ̀, tó sì ń bo ẹ̀wà náà mọ́lẹ̀. Ìrì díẹ̀ kò lè bà á jẹ́, ó ń sọ fún ara rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n mi ṣáà mí afẹ́fẹ́ ilé yìí fún ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ péré.

Ó wá a ká gbogbo yàrá. Kò sí láàárín àwọn tó ń fi òrí para, kò sí lára àwọn aláìsàn tí wọ́n tẹ́ ẹní fún. Orí àtẹ̀gùn níta ló ti bá a, nínú ìkùukùu, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó, ó gbé ẹ̀yìn ti òpó. Ìgbín kan wà lórí fìlà rẹ̀.

"Bọ̀dá mi! Kí lẹ̀ ń ṣe níbí? Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ṣé ó rú?"

"Ẹ ò gbọ́ ni? Kò rú."

"Ohun tí o sọ ni mo gbọ́. Ṣé ó rú ni mo ń bi ọ́." Ó gbọ́wọ́ sókè, ó tọ́ka sí ìgbín orí rẹ̀ tó ń rìn yọ́lọ́yọ́lọ́ lọ sí etí fìlà. "Èmi ò kàwé tó o, ṣùgbọ́n bàbá wa tó kọ́ mi ní ìgbín sísìn sọ fún mi pé bí ọyẹ́ bá dé, ìgbín á ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó di òjò kó tó tún yọjú. Eléyìí ń ṣeré káàkiri láti àárọ̀. Àyìnkẹ́, ìgò yẹn, àbí nítorí àná ni kò fi rú?"

Fẹhíntọlá jókòó tì í. Kò lè purọ́ fún un, kò purọ́ fún un rí. "Ó dì lójú. Bí mo bá fi ṣíbí rò ó, yóò rú. Mi ò rò ó."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Inú ń bí Dúródọlá, ó hàn ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. "Wọ́n ń tẹ́ irúgbìn sí gbàgede," ó sọ. "Mo ń wò wọ́n láti ibí. Èmi ni mo ní kí o ṣí i. Èmi ni mo fojú kòkòrò bẹ̀ ọ́. Ìwọ wá fẹ́ fi ebi pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí tèmi, ta ló rán ọ?"

"Ẹ máa kú! Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ẹ máa kú, mo sì fẹ́ràn yín, mi ò lẹ́lòmíràn!"

"Ṣé mo ní o lẹ́lòmíràn?" Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Rò ó. Jẹ́ kí n rí i lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó yọ ìgò, ó yọ ṣíbí. Ó kan èépá náà, ó fọ́. Èéfín funfun tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó pọ̀ ju ti àná lọ, ó ń kọjá láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo imú, ó ń wò ó.

"Máa lọ," ó ní. "Ẹ̀wà ń tutù."

Fẹhíntọlá gbé ìgò náà lọ́wọ́, ó wọlé. Kò pariwo. Ó kàn ń rìn láàárín wọn pẹ̀lú okùn èéfín tó ń tẹ̀ lé e lórí, ibi tó bá dé ni ẹ̀rín ti ń kú. Àwọn tó ń fi òrí pa ẹsẹ̀ gbé ọwọ́ dúró. Ó lọ títí ó fi dé iwájú Ìyá Mosúnmọ́lá.

Ìyá náà wo èéfín, ó wo ojú rẹ̀. Ó ti lóye. Àgbà ni. Ó sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́: "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọyẹ́ wá, ó sì ti lọ. Sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí wọ́n gbé ìyẹn lọ sílé."

Ó dùn gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbà pé ó dùn gbọ́. Fẹhíntọlá wo àwọn èèyàn náà, ó rí obìnrin inú àpótí okùn tó fi òrí pa ètè títí tó ń dán, ó rí bó ṣe ń retí.

"Rárá, mà," ó wí sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ọyẹ́ kò wá. Èmi ni mo ṣí iyọ̀ lánàá, ó sì dì lójú. Mo rí i lórí òrùlé, mo dákẹ́, torí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dákun, ẹ sáré kó irúgbìn wọlé."

Kò sẹ́ni tó bú u. Ó ì bá sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n sáré kó irúgbìn, àtọmọdé àtàgbà, wọ́n ń fi aṣọ ara wọn nu ẹ̀wà bí wọ́n ti ń gbé e kọjá. Lẹ́yìn náà kálukú wá ẹ̀wù òjò rẹ̀. Obìnrin inú àpótí okùn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òrí kúrò létè, ó gba ẹ̀gbẹ́ Fẹhíntọlá kọjá láì wò ó. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jáde tán.

"O mọ òfin," Ìyá Mosúnmọ́lá wí. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ẹni tó bá fi iyọ̀ jẹ́rìí èké, ìta ni."

"Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ awọ tó ọ nínú àwọn abòdígí."

"Mo ti kọ́ wọn, mà. Wọ́n á mọ̀ ọ́n." Ó já okùn ọrùn rẹ̀, ó dé ìgò, ó fi lé ìyá náà lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ó jáde, ó fi ejìká ti ilẹ̀kùn ńlá náà láti ìta títí irin fi bọ́ sínú ihò rẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ amumi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Dúródọlá ṣì wà níbi tó fi í sí. Ó sún díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fún un. Fẹhíntọlá jókòó, ejìká wọn kan ara wọn, ó sì gbọ́ bí àyà ọkùnrin náà ti ń hó. Ó ń retí kí ó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, bó ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn títì náà ló ń wò.

"Àyìnkẹ́."

"Bọ̀dá mi."

"Mo fẹ́ wọlé o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo fẹ́ wọlé gan-an ni."